Ihò Tí Sátẹ́láìtì Kò Lè Gbẹ́: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wọn Ọ̀rinrin Ilẹ̀ Láti Òkè

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ní ìlú Òjòkú, ẹni tó bá jí lọ sóko kì í kọ́kọ́ gbé ọkọ́. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ìka wa ilẹ̀ díẹ̀, á bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀, á sì fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí erùpẹ̀ náà bá fọ́ wẹ́wẹ́, tó ń dà gba àárín ìka kọjá, omi kò tíì tó. Bí ó bá dì, tí ìlà àtẹ́lẹwọ́ hàn lára rẹ̀, tí ọwọ́ sì ṣì tutù lẹ́yìn tó ti dà á nù, àgbàdo lè wọlẹ̀. Ọmọ tó bá tẹ̀lé e á béèrè pé, "Bàbá, ṣé kí n lọ gbé irúgbìn wá?" Ìdáhùn àgbà kì í pẹ́: "Rárá o, ọmọ mi. Òkè ilẹ̀ nìkan ló rẹ, ìsàlẹ̀ ṣì gbẹ. Ó ku òjò kan."

Ìbéèrè tí ọwọ́ àgbẹ̀ ń bi ilẹ̀ yẹn ni ìtàn yìí dá lé: omi mélòó ló wà nínú erùpẹ̀ láàárọ̀ yìí? Ọwọ́ lè dáhùn fún oko kan. Ṣùgbọ́n láti Òjòkú dé Ẹ̀rìn-Ilé, láti Ìrá dé Ọ̀fà tí wọ́n ń fi ànàmọ́ mọ̀, ọwọ́ ta ló gùn tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní rédíómítà máíkrówéèfù ló ti ń gbìyànjú láti dáhùn fún gbogbo ayé láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, láti inú sátẹ́láìtì. Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ láti ìpilẹ̀, nítorí mo gbà pé ó kan àgbẹ̀ Òjòkú ju bí a ti rò lọ, àti nítorí pé apá kan nínú rẹ̀ tí wọn kì í sábà sọ, ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níbí ló ti ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì.

Orúkọ máíkrówéèfù kò ṣàjèjì sí wa. Ààrò tí àwọn kan fi ń gbé oúnjẹ gbóná ni. Ààrò yẹn ń da ìgbì sínú oúnjẹ. Rédíómítà kì í da nǹkan kan síbì kankan, gbígbọ́ nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ohunkóhun tó bá ní ooru lára, ìbáà ṣe àpáta, ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe ara ènìyàn, ló ń tú ìgbì tí ojú kò lè rí jáde. Ilẹ̀ náà ń tú u tọ̀sán tòru, kò sì sígbà kan tó dákẹ́.

Omi ló ń yí ohùn ilẹ̀ padà. Àwọn onímọ̀ físíìsì ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ bí ohun kan ṣe ń dá irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kọ́. Lórí òṣùwọ̀n yẹn, iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ wà ní nǹkan bíi 4, omi sì wà ní nǹkan bíi 80. Àlàfo ńlá ni. Nígbà tí omi bá wọ inú iyẹ̀pẹ̀, ìgbì tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ á dé ojú ilẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ta padà sínú ilẹ̀, ìwọ̀nba ni yóò yọ jáde sójú ọ̀run. Nítorí náà, ilẹ̀ tó gbẹ táútáú máa ń mọ́lẹ̀ lójú ẹ̀rọ náà, èyí tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ṣókùnkùn. Lórí ilẹ̀ tí kò ní ewéko, ìyàtọ̀ méjèèjì lè lé ní 70 lórí òṣùwọ̀n ooru Kelvin, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó dára lè rí ìyàtọ̀ tí kò tó 1.

Gbogbo ìgbì kọ́ ló dára fún iṣẹ́ yìí. Èyí tó kúrú, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì lọ, ojú ilẹ̀ pẹlẹbẹ ló ti ń jáde, ewé àgbàdo sì lè dí i. Èyí tó gùn tó 21 sẹ̀ǹtímítà máa ń ti inú sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àkọ́kọ́ jáde, ó ń gba inú koríko àti oko kọjá, ìkùukùu kò sì ní agbára kankan lórí rẹ̀. Ẹ fi 21 yìí sọ́kàn, òun ni gbogbo ìtàn yìí ń wá kiri.

Ọdún 1946 ni Robert Dicke, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí tó bí ẹ̀rọ náà jáde. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó wà lára àwọn tó ń ṣe rédà ní ilé ìwádìí MIT. Ìṣòro tó bá pàdé ni pé ariwo inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ pọ̀ fíìfíì ju ohùn tó fẹ́ gbọ́ lọ, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Ohun tó ṣe ni pé ó mú kí ẹ̀rọ náà gbọ́ òde, kó yíjú sí ohun kan tí a ti mọ ìwọ̀n ooru rẹ̀, kó tún padà gbọ́ òde, ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ariwo ẹ̀rọ wà nínú méjèèjì. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ariwo á bọ́ dànù, ohùn á kù. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ máa ń wọn abọ́ lófìfo kó tó wọn èyí tó kún. Ọgbọ́n kan náà ni. Títí dòní, rédíómítà tí kò bá ní ohun tó mọ̀ dájú tó lè fi wé ohun tí kò mọ̀, kò lè sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ yìí á tún padà wá ní ìparí.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé rédíómítà lọ sójú òfuurufú, kì í ṣe ayé tiwa ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Àgùàlà tí a ń pè ní ajá òṣùpá ni. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1962, ọkọ̀ Mariner 2 ti Amẹ́ríkà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rédíómítà inú rẹ̀ sì fi hàn pé ojú ilẹ̀ Àgùàlà gbóná kọjá ohun tí ẹ̀dá lè fara dà. Ọdún 1968 ni àwọn ará Soviet fi Kosmos-243 ránṣẹ́, òun ló sì kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wo ayé láti òkè. Òkun àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló jẹ wọ́n lógún. Amẹ́ríkà tẹ̀lé e pẹ̀lú Nimbus-5 ní Oṣù Kejìlá ọdún 1972, tí ìgbì ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀. Yìnyín orí òkun ló fi gba orúkọ.

Ilẹ̀ oko dé inú ìtàn nípasẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú lásán. Láàárín 1971 sí 1972, Thomas Schmugge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, fò lórí oko tí wọ́n ń bu omi rin nítòsí Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, àwọn mìíràn sì ń bu erùpẹ̀ nísàlẹ̀ lọ fún wíwọ̀n. Nígbà tí wọ́n fi nọ́ńbà òkè wé ti ilẹ̀, méjèèjì bára mu. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ní 1973, ilé gbígbé tí Amẹ́ríkà kọ́ sójú òfuurufú, Skylab, gbé rédíómítà tó ń gbọ́ ìgbì 21 lọ sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun tó ń rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fẹ̀ tó nǹkan bíi 110 kìlómítà, ó sì ti fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ilẹ̀ Texas àti Kansas tó rin àti èyí tó gbẹ. Lẹ́yìn Skylab, ìgbì 21 kò tún padà sókè fún iṣẹ́ ilẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì.

Kí ló fà á? Áńtẹ́nà ni. Bí ìgbì bá ti gùn tó ni áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ ti fẹ̀ tó kí ojú rẹ̀ tó lè ríran kedere. Fún ìgbì sẹ̀ǹtímítà kan, abọ́ kékeré ti tó. Fún ìgbì 21, láti ibi tó lé ní 600 kìlómítà lókè, kí a tó lè rí agbègbè tó fẹ̀ ní 40 kìlómítà péré, abọ́ náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà mẹ́fà. Ta ni yóò gbé abọ́ tó fẹ̀ bíi yàrá ńlá sórí rọ́kẹ́ẹ̀tì?

Nítorí náà wọ́n ń fi èyí tó wà ṣe é. Nimbus-7 gbéra ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1978 pẹ̀lú rédíómítà SMMR, tí ìgbì rẹ̀ tó gùn jù kò tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Iná sátẹ́láìtì náà kò tó, wọ́n sì ń tan ẹ̀rọ náà lónìí, wọ́n ń pa á lọ́la. Ibi tó ń rí lẹ́ẹ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi 150 kìlómítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀nà Ìlọrin sí Ìbàdàn. Aláìlera ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ títí di 1987, ó sì ń wo ilẹ̀ wa nígbà ọ̀dá 1983. Àwọn tó ti dàgbà nígbà yẹn kò gbàgbé ọdún náà: òjò kọ̀, iná ń jó igbó láti Ghana títí dé ilẹ̀ wa, àgbàdo ń gbẹ lórí ìdúró. Nígbà tí àjọ òfuurufú Yúróòpù, ESA, wá kó àkọsílẹ̀ gbogbo sátẹ́láìtì pọ̀ sójú kan lábẹ́ ìdarí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Vienna, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012, ọdún 1978 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ aláìlera yìí. Ohun tí àwọn àgbà wa ń rántí wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà.

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn ológun Amẹ́ríkà gbé rédíómítà SSM/I lọ ní 1987. Jàpáànù ṣe AMSR-E, tó bá sátẹ́láìtì Aqua gòkè ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2002, ó ṣiṣẹ́ títí di 2011, AMSR2 sì gbapò rẹ̀ ní 2012. Ìgbì tó gùn jù nínú wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ púpọ̀, pàápàá ní ilẹ̀ tí igbó rẹ̀ kò dí.

Ibi tí ìtàn náà ti di tiwa ni 1992. Lọ́dún yẹn, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní HAPEX-Sahel wáyé nítòsí Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger. Ọkọ̀ òfuurufú gbé rédíómítà ìgbì 21 fò lórí oko ọkà àti pápá koríko, nígbà òjò àti nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Schmugge tó ti fò ní Arizona ní ogún ọdún sẹ́yìn wà níbẹ̀. Ọmọ Faransé kan, Yann Kerr, náà wà níbẹ̀. Kerr yìí ló wá ṣaájú sátẹ́láìtì tó dá ìgbì 21 padà sókè. Mo ka èyí sí ọ̀rọ̀ pàtàkì. Nígbà tí a bá ń gbọ́ nípa Faransé àti NASA, a máa ń rò pé ibẹ̀ ni ohun gbogbo ti wá. Apá kan ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, orí iyanrìn Niger ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Sátẹ́láìtì náà ni SMOS, tó gbéra ní Plesetsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní Oṣù Kọkànlá ọjọ́ kejì, ọdún 2009. Bí wọ́n ṣe borí ọ̀rọ̀ áńtẹ́nà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Wọn kò gbé abọ́ ńlá kankan. Wọ́n ṣe apá mẹ́ta tó nà jáde bíi ti fáànù orí àjà, wọ́n to áńtẹ́nà kéékèèké 69 sórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àwo ìjẹun lọ. Kọ̀ǹpútà ń fi ohun tí ọ̀kan gbọ́ wé ohun tí èkejì gbọ́, lójú ẹsẹ̀, láàárín gbogbo méjì-méjì tó wà níbẹ̀. Láti inú ìfiwéra wọ̀nyí ni àwòrán kan ti ń jáde, bí ẹni pé abọ́ tó fẹ̀ ní mítà mẹ́jọ ló rí i. Àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ló kọ́kọ́ fi ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́, Martin Ryle sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1974.

Àwọn awòràwọ̀ yìí náà la fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ohun mìíràn. Haidirójìn inú ojú ọ̀run ń fọhùn lórí ìgbì 21, ọdún 1951 ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nítorí èyí ni gbogbo ayé ṣe fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ sí ilé iṣẹ́ rédíò, tẹlifóònù tàbí rédà kankan tí yóò sọ̀rọ̀ láàárín 1400 sí 1427 mẹ́gáhátì. Nígbà tí SMOS dé òkè, ó rí i pé àwọn kan ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ síbẹ̀. Ní apá kan Yúróòpù, ní Éṣíà àti ilẹ̀ Lárúbáwá, ariwo wọn bo ohùn ilẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ lẹ́tà sí ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn kí wọ́n tó dín wọn kù. Nínú ọ̀ràn yìí, ìparọ́rọ́ ojú ọ̀run dà bí omi odò tí gbogbo abúlé ń mu: ẹnìkan ṣoṣo lè bà á jẹ́.

Ọdún 2015 ni Amẹ́ríkà wá gbé abọ́ mítà mẹ́fà náà. SMAP gbéra ní Oṣù Kìíní, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Àwọ̀n wáyà tí wọ́n fi góòlù bò ni wọ́n fi ṣe abọ́ rẹ̀, wọ́n ká a bí agboorùn kó tó gòkè, ó sì tú ká nígbà tó dé ibi tó ń lọ. Ó ń pòòyì ní nǹkan bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan, 685 kìlómítà lókè wa, ó sì ń kárí gbogbo ayé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ó ní rédà náà, tó yẹ kó máa rí ibi kéékèèké tí rédíómítà kò lè rí. Rédà yẹn kú ní Oṣù Keje ọdún kan náà, oṣù mẹ́ta kò tíì pé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Rédíómítà ń bá a lọ. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún SMAP, bákan náà ni SMOS, àwọn méjèèjì sì ti ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n yàn fún SMAP láti fi wo ilẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe. Ní àkókò yẹn, kí oòrùn tó mú, ooru ilẹ̀ àti ti ewé orí rẹ̀ sún mọ́ ara wọn, ìṣirò sì rọrùn. Ó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú àkókò tí àgbẹ̀ Òjòkú ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bu erùpẹ̀.

Èwo nínú gbogbo èyí ló jẹ́ tiwa? Nàìjíríà ní sátẹ́láìtì. NigeriaSat-1 gòkè ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Inú mi dùn sí wọn, mo sì ń dunnú títí dòní. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ni wọ́n gbé, ojú sì ni kámẹ́rà. Láti Oṣù Kẹfà títí dé Oṣù Kẹsàn-án, ìkùukùu tó rẹlẹ̀ máa ń bo ilẹ̀ Yorùbá láti òru mọ́jú, àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í rí oòrùn títí ọ̀sán. Nígbà tí ó yẹ kí a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀ jù lọ, kámẹ́rà kò lè rí i. Rédíómítà ń gbọ́ ọ gba inú ìkùukùu náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ìkùukùu yìí fúnra rẹ̀ ti mú rédíómítà wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Oṣù Kẹfà àti Keje ọdún 2016, ìwádìí DACCIWA gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ibi mẹ́ta: Kumasi ní Ghana, Ilé-Ifẹ̀, àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Olómìnira Benin. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn ará Jámánì gbé rédíómítà máíkrówéèfù sórí ilẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ kọ òkè láti wọn ooru àti omi inú afẹ́fẹ́. Ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ní 2006, irú rẹ̀ ti lo bí ọdún kan ní ẹ̀bá Djougou, lókè Ṣábẹ̀ẹ́, nígbà ìwádìí AMMA. Ilé-Ifẹ̀ ní tiẹ̀ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2004, nínú ìwádìí NIMEX, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Yunifásítì Bayreuth ti gbé ẹ̀rọ sí oko ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n ń wọn ooru, afẹ́fẹ́ àti omi bí wọ́n ti ń ti ilẹ̀ lọ sókè. Nítòsí Òjòkú, Yunifásítì Ìlọrin àti Yunifásítì Maryland dá ibùdó tó ń wọn ìtànṣán oòrùn sílẹ̀ ní 1992, àwọn olùwádìí káàkiri ayé sì mọ orúkọ Ìlọrin látàrí eruku ọyẹ́ tí ibùdó náà ń kọ sílẹ̀.

Djougou ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Kò tó 400 kìlómítà lójú òfuurufú láti Òjòkú. Ilẹ̀ ibẹ̀ jọ tiwa: oko iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, igbó díẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi, yangí nísàlẹ̀. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn ará Benin àti Faransé ti ń tọ́jú ibùdó kan níbẹ̀, ní orísun odò Ouémé, lábẹ́ ètò AMMA-CATCH tó tún ní ibùdó ní Niger àti Mali. Nígbà tí SMOS àti SMAP dé òkè, ilẹ̀ Djougou wà lára ibi tí wọ́n fi yẹ̀ wọ́n wò bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹnìkan á gbẹ́ ihò tó jìn tó mítà kan, á sì ṣọ́ra kí ògiri ẹ̀gbẹ́ kan má yìnrìn. Inú ògiri tí ọwọ́ kò tíì kàn yẹn ni yóò ti ẹ̀rọ kéékèèké bọ̀, àwọn tó ní ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹnu fọ́ọ̀kì: ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sísàlẹ̀, òmíràn ní mẹ́wàá, ogún, títí dé mítà kan. Lẹ́yìn náà á da erùpẹ̀ padà bó ṣe kó o jáde, tìsàlẹ̀ lọ sísàlẹ̀, tòkè sókè, á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Á ri wáyà mọ́lẹ̀ kí ọkọ́ má baà gé e, kí màlúù má baà fà á. Àpótí kan á dúró lórí òpó pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì oòrùn, á sì máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀ tọ̀sán tòru.

Ẹ̀rọ inú ihò yẹn náà kò gbọ́dọ̀ gbára lé ara rẹ̀. Wọ́n á fi òrùka irin tí inú rẹ̀ gba ìwọ̀n 100 sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì gé erùpẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Ká ní gíráàmù 165 ni. Wọ́n á gbé e sínú ààrò tó gbóná tó 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọjọ́ kan gbáko, wọ́n á tún un wọ̀n. Ó kù 145. Gíráàmù 20 tó lọ, omi ni. Nínú ìdá 100 ilẹ̀ yẹn, 20 ni omi. Nọ́ńbà tí SMAP ń fi ránṣẹ́ láti 685 kìlómítà lókè, nọ́ńbà kan náà ni, àṣìṣe tí wọ́n sì gbà á láyè kó ṣe kò ju mẹ́rin lọ nínú 100. Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ pé kò ju mẹ́rin lọ láìsí ẹni tó gbẹ́ ihò. Ohun tí Dicke kọ́ wa ní 1946 nìyẹn, kí ẹ̀rọ máa fi ohun tó mọ̀ wé ohun tí kò mọ̀. Lórí oko, ihò ni ohun tí a mọ̀.

Ohun tí sátẹ́láìtì ti kọ́ wa nípa òjò tiwa kò kéré. Ní 2011, Christopher Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ìjì òjò wé ti ọ̀rinrin ilẹ̀ ní Sahel. Wọ́n rí i pé ìjì máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tó rin. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ gbígbẹ á gbóná, á gòkè, ti orí ilẹ̀ tútù á rọ́ wá gbapò rẹ̀, òjò á dìde níbi tí wọ́n ti pàdé. Àgbẹ̀ tó ń ṣọ ìgbà tí òjò ń ta kété sí oko rẹ̀, tó ń rọ̀ sí ti aládùúgbò, ìdí kan rèé tó wà nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ń lo ọ̀rinrin SMOS láti wá ibi tí eṣú lè yé sí, nítorí iyanrìn tútù ni eṣú ń fẹ́ fún ẹyin rẹ̀. Láti 2019 ni ilé iṣẹ́ ojú-ọjọ́ Yúróòpù, ECMWF, ti ń fi nọ́ńbà SMOS sínú ìṣirò ojú-ọjọ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n nínú àwòrán SMAP, Òjòkú, Ọ̀fà, Ẹ̀rìn-Ilé, Ìjàgbó àti Ìrá lè bọ́ sínú àmì kan ṣoṣo. Àkùrọ̀ etí odò Ọ̀yun tó ń tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí òkè olókùúta, ebè iṣu, ọ̀nà kọ́ńkéré, gbogbo rẹ̀ di nọ́ńbà kan. Ó sì mọ sẹ̀ǹtímítà márùn-ún òkè péré. Bàbá tó sọ pé òkè nìkan ló rẹ, ohun tí ìka rẹ̀ mọ̀ jìn ju ti sátẹ́láìtì lọ, sátẹ́láìtì sì mọ̀ ju ìka lọ ní fífẹ̀. Èyí kò dín iyì ẹnìkankan kù. Ó fi ibi tí iṣẹ́ kù sí hàn wá.

Iṣẹ́ tó kù náà kò gba owó rọ́kẹ́ẹ̀tì. Òrùka irin kan, òṣùwọ̀n tó lè ka gíráàmù, ààrò tó lè mú ooru 105 dúró, ìwé àkọsílẹ̀. Ètò GLOBE ti NASA ti fi ọ̀nà wíwọ̀n yìí kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kí nọ́ńbà wọn lè bá ti SMAP dọ́gba. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí àwọn ọmọ ilé ìwé gíga wa náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí SMAP bá ń kọjá, bọ́ sí oko lẹ́yìn ilé ìwé ní aago mẹ́fà. Kí ọ̀kan di òrùka mú, kí èkejì lù ú wọlẹ̀, kí ẹ̀kẹta kọ ọ́ sílẹ̀ pé: Òjòkú, Oṣù Kẹrin, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ebè, gíráàmù 165.